Ìforítì Nídìí Ọjà: Ohun Tí Àwọn Òṣómàáàló Wa Mọ̀

 

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá àpéjọ yìí sọ̀rọ̀ lórí ìforítì nídìí ọjà títà, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni pé wọ́n ṣi ènìyàn pè. Tíṣà kì í tajà. Ẹni tí ń gba owó oṣù, bí owó náà tilẹ̀ ń pẹ́ kí ó tó dé, kò mọ bí ó ti ń rí lára kí oòrùn wọ̀ kí ọwọ́ ènìyàn má sì kan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n a rántí pé láti inú ẹrù aṣọ ni owó ti jáde tí bàbá wa fi lọ sí ilé ìwé, tí òun náà sì fi ọ̀nà hàn wá dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Òṣómàáàló ni bàbá wa àgbà. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí òṣómàáàló kan nínú ìran yín.

Ohun mìíràn tún wà tí ó mú wa gbà láti wá. Ní ọjọ́ kan ní kíláàsì, a bi àwọn ọmọ léèrè ìtumọ̀ òṣómàáàló. Ọ̀kan dáhùn pé, "Ẹni tí ó máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni, sà." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn wá béèrè pé, "Sà, ṣé kì í ṣe ohun ìtìjú ni?" A kò rí èsì gidi fún un ní ọjọ́ náà; a ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá èsì, ibi tí a sì bá a dé ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí òwò náà ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Kírìjì gba ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọn kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ìbọn lọ wá di ẹni tí ń wá ohun tí wọn yóò ṣe. Ọ̀nà ti là. Ní ọdún 1907 ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, ibẹ̀ kò sì ju ìrìn ọjọ́ kan lọ sí Iléṣà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Aṣọ òyìnbó ń ti Èkó bọ̀ lórí irin, ṣùgbọ́n ìtòsí ibùdókọ̀ ni ó ń dúró sí. Àgbẹ̀ tí ó wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Òṣogbo kò rí i rà. Bí ó bá sì rí i, kò sí owó lọ́wọ́ rẹ̀ àfi nígbà tí ó bá kórè. Àárín aṣọ Òṣogbo àti àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ yìí ni àwọn bàbá wa ti rí àyè dúró.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn a gba ìgàn aṣọ lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá, òmíràn lówó, òmíràn láwìn. Wọn a dì í, wọn a gbé e rù, wọn a kiri rẹ̀ láti ilé dé ilé ní Èkìtì, ní Àkókó, dé ìhà Ìlọrin. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọjá Odò Ọya. Ẹni tí ó bá mú aṣọ kì í san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Yóò san díẹ̀, yóò sì dá ọjọ́ ìyókù. A kò níí parọ́ fún yín: owó aṣọ wọn ga ju ti ọjà lọ. Ẹni tí ó bá ní owó lọ́wọ́, tí ó sì lè rìn dé Òṣogbo, kò sí ìdí kankan tí yóò fi rà á lọ́wọ́ òṣómàáàló. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní, tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, mọ ohun tí òun ń san àlékún náà lé lórí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìforítì ti wọlé, kò sì wọlé láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Àwọn kan rò pé ìforítì ọlọ́jà ni kí ó máa rọ oníbàárà títí yóò fi rà. Bàbá wa àgbà kì í rọ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún wa ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ní abúlé tí òun kò bá dé rí, ìgbà kejì tàbí ìgbà kẹta ni òun tó máa ń tà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi, yóò tú aṣọ, yóò jẹ́ kí àwọn obìnrin fọwọ́ kàn án, yóò béèrè orúkọ baálé àti ọjọ́ ọjà wọn, yóò sì dì í padà. Wọn a ní, "Ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?" Yóò dá ọjọ́. Ọjọ́ tí ó dá yìí ni gbogbo òwò rẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, bí ẹsẹ̀ wú, ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní ọjọ́ náà, bí kò tilẹ̀ dá a lójú pé ẹnikẹ́ni yóò rà. Ó ní ẹni tí ó bá dá ọjọ́ tí kò sì wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ oníbàárà rẹ̀ bí a ti ń yẹ àdéhùn. Kí ó má ṣe bínú nígbà tí ọjọ́ owó bá pé tí kò bá ẹnikẹ́ni nílé.

Ìlóṣòó náà ńkọ́? Òótọ́ ni. "Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi" ni gbólóhùn tí ó di orúkọ mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ni ó kọ́kọ́ dúró ti onígbèsè ní ilẹ̀ Yorùbá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣe àlàyé bí wọ́n ti ń dógò ti ènìyàn láyé àtijọ́: ẹni tí wọ́n rán wá dógò yóò wọ inú ilé onígbèsè, yóò fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé, yóò máa yọ wọ́n lẹ́nu, adìyẹ tàbí ẹran ọ̀sìn tí ó bá sì rí, yóò mú un pa jẹ, gbogbo rẹ̀ lọ́rùn onígbèsè. Ẹ fi èyí wé òṣómàáàló. Ẹnu ọ̀nà ni ó wà. Ẹ̀kọ tirẹ̀ ni ó ń jẹ. Kò fọwọ́ kan adìyẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ó fẹ́ ta aṣọ ọdún tí ń bọ̀ ní ilé kan náà. Ẹni tí ó bá sì ti lóṣòó rí fún wákàtí kan nínú oòrùn ọ̀sán yóò jẹ́rìí pé orúnkún ẹni tí ó lóṣòó ni ó ń jẹ ìyà jù.

Síbẹ̀, a ní láti sọ ibi tí ó ti burú. Ní ọdún 1930 ó lé díẹ̀, nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ tí owó sì wọ́n lóde, àgbẹ̀ kan ní abúlé kan ní ilẹ̀ Àkókó jẹ bàbá wa àgbà ní ṣílè mẹ́rin. Ọjọ́ pé, ó bẹ̀bẹ̀. Ọjọ́ mìíràn pé, ó tún bẹ̀bẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ní ìgbà kẹta, bàbá wa àgbà lóṣòó láti ìdájí. Àwọn ará abúlé wá bẹ̀ ẹ́, ó ní rárá. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin náà di iṣu èbù tí ó fi pamọ́ fún gbígbìn, ó tà á fún aládùúgbò rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, ó sì ka ṣílè mẹ́rin sí bàbá lọ́wọ́. Kò bú u. Ó kàn ní, "Ó dàbọ̀ o, Ìjẹ̀ṣà."

Nígbà tí ó padà dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tuntun, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Wọ́n kí i, wọ́n fún un ní omi mu, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn. Abúlé méjì tí ó tẹ̀lé e ti gbọ́. Ó pàdánù abúlé mẹ́ta nítorí ṣílè mẹ́rin. A bi í pé kí ni ó wá ṣe. Ó ní òun ń lọ. Gbogbo ọjọ́ tí ó bá dá, ó ń dé ibẹ̀; yóò sọ ẹrù, yóò tú aṣọ, yóò kí baálé, yóò béèrè àlàáfíà ìyàwó ọkùnrin náà, yóò sì dì í padà. Ọdún kan kọjá, ìkejì ń parí lọ, kí ìyá arúgbó kan tó ra gèlè kan lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá náà ní àánú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ṣe òun. Nígbà tí bàbá wa àgbà bá ń sọ ìtàn yìí, kì í pe ọjọ́ tí ó lóṣòó láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́ ní ìforítì. Ọdún méjì tí kò ta nǹkan kan ni ó ń pè bẹ́ẹ̀.

Òwò náà ti kógbá sílé báyìí. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń gbé e ró, àwọn ọmọ ẹbí tí yóò ru ẹrù tẹ̀lé ọ̀gá fún ọdún mélòó kan kí ọ̀gá tó fún wọn ní aṣọ tí wọn yóò fi dá dúró. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ọmọ tí ìbá gbé ẹrù aṣọ, sílétì ni ó gbé. Ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sí ọjà. Àwa tíṣà wà lára àwọn tí ó pa òwò náà, ẹnu kan náà ni a sì fi ń yìn ín lónìí.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń tajà lórí ẹ̀rọ alágbèéká ní àsìkò yìí. Wọn a ya àwòrán bàtà tàbí aṣọ, wọn a fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí èsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọjà kò yá nìyẹn, wọn a yí sí òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún wa pé òun ní ìforítì, nítorí pé òun ti fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ ní ìgbà méje. A bi í pé, nínú àwọn tí ó ti rà, ta ni ó padà lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá bàtà náà gba ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ayánilówó orí ẹ̀rọ tún wà, tí wọn a máa fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti dójú tì í. Ìyẹn kì í ṣe òṣómàáàló. Ẹni tí ń dógò ni ó padà wá sáyé. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ó jọ òṣómàáàló, ẹ wo alájọ tí ń yí ọjà wa ká lójoojúmọ́, nínú òjò àti nínú oòrùn, tí àwọn ìyálọ́jà ń fi ìrìn rẹ̀ mọ aago.

Ìwé gbèsè bàbá wa àgbà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó ka ìwé mẹ́fà ni ó ń bá a kọ ọ́. Ìlà kan ni wọ́n ń fà sórí orúkọ ẹni tí ó bá san tán. Orúkọ àgbẹ̀ Àkókó náà wà níbẹ̀, ìlà ti kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní àwọn ojú ìwé tí ó tẹ̀lé e, orúkọ mẹ́sàn-án wà tí kò ní ìlà títí tí ìwé fi parí, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ pé bàbá tún lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀kankan nínú wọn.

A ti mú ìwé náà wá. Ó wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ akọ̀wé, a sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú rẹ̀ nínú àpótí ilé wọn pé kí ó mú un wá, kí ẹgbẹ́ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ìlú kí ikán tó jẹ ẹ́. Ọmọbìnrin tí ó bi wá ní ìbéèrè ní kíláàsì wà láàárín yín pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Òun ni a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣí i.