Ọjọ́ Owó Oko àti Ọjọ́ Owó Ìwé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Ẹgbẹ́dá)

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ṣe lè múra sílẹ̀ de yunifásítì, àti bí a ó ṣe rí owó rẹ̀ san. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò púpọ̀. Ibi tí ó ti ń dun àwa ará oko jù ni a ó dúró sí.

Owó ìwé kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Kí ó tó di oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kòkó àti epo pupa ni ó ń rán ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí pàápàá, owó girama ṣì wà lọ́rùn òbí, títí di ọdún 1979 tí Olóyè Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bàbá tí ó fi oko kòkó dógò kí ọmọ rẹ̀ má baà kúrò ní kíláàsì kò kéré ní ilẹ̀ kòkó yìí, ẹlòmíràn kò sì rí oko náà gbà padà títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Yunifásítì Ìbàdàn ti wà nítòsí wa láti 1948. Ọkọ̀ kan tàbí méjì ni a ó wọ̀ dé ẹnubodè rẹ̀. Àtiwọlé níbẹ̀ ni ó jìnnà.

Ohun tí àwa rí láti inú kíláàsì ni pé kì í ṣe àìní owó nìkan ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa dúró. Ọjọ́ tí oko ń mú owó wá kò bá ọjọ́ tí ìwé ń béèrè owó mu, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹni tí ó di àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a ka oṣù. Láti oṣù kẹwàá dé oṣù kejìlá ni kòkó ń wọlé jù lọ. Fọ́ọ̀mù JAMB kì í pẹ́ jáde lẹ́yìn ọdún tuntun. Ní 2025, ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. 7,200 náírà ni owó rẹ̀, ó sì jẹ́ 8,700 fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ìgbaradì mọ́ ọn. Owó yìí kì í sábà nira, nítorí owó kòkó kò tí ì tán lọ́wọ́ wa. Ìdánwò bọ́ sí oṣù kẹrin, ti WAEC sì wà nítòsí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ni a ó máa wò. Àárín òjò ni orúkọ àwọn tí ó rí àyè máa ń bẹ̀rẹ̀ sí jáde, títí di òpin ọdún. Bí orúkọ bá sì ti jáde, ilé ẹ̀kọ́ yóò dá ọjọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ san owó ìgbàwọlé, èyí tí ó fi hàn pé ó gba àyè náà. Ìgbà wo nìyí? Ìgbà tí kòkó ṣì wà lórí igi, tí òjò ń ba ọ̀nà oko jẹ́, tí owó ọdún tí ó kọjá ti bá oògùn kòkó àti ìnáwó ilé lọ. Ìgbà náà gan-an ni oníṣòwò kòkó ń yọjú, tí yóò ka owó sílẹ̀ lórí kòkó tí a kò tí ì ká, ní iye tí ó wu òun.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí a kọ́, orí rẹ̀ pé, ìwà rẹ̀ sì dára. Ó rí àyè, gbogbo wa yọ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀ láti ta kòkó orí igi, ó ní èrò pé òun yóò rí owó láti ibòmíràn. Kí ó tó rí i, ọjọ́ ti kọjá, àyè sì ti bọ́. Ó ń ránṣọ báyìí. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó yàn án.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Òótọ́ ni, a sì fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀ nípa rẹ̀. NELFUND ni orúkọ àjọ náà. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 le: ó ní owó tí ń wọlé fún ìdílé ọmọ kò gbọdọ̀ ju 500,000 náírà lọ lọ́dún, ó sì ń béèrè onídùúró láàárín àwọn ènìyàn ńlá tí àwa kò ní ní oko. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024, ó sì mú àwọn ìdènà wọ̀nyí kúrò. Ẹ̀yin àlùfáà wa tí ẹ ti ń bi wá léèrè, kò sí èlé lórí owó náà rárá. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Ọmọ tí ó bá tún béèrè owó oúnjẹ ń gba 20,000 náírà lóṣù. Sísan rẹ̀ padà di ọdún méjì lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí ó sì ti rí iṣẹ́. Àwa kò rí ìdí tí ọmọ tálákà yóò fi bẹ̀rù irú gbèsè yìí. Ẹni tí kò bá bẹ̀rù fífi oko dógò, kí ni yóò bẹ̀rù níhìn-ín?

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọmọ tí ó ti rí àyè nìkan ni ó lè béèrè owó náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ti ìjọba nìkan, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a bá béèrè ni owó ń dé. Owó ìgbàwọlé kì í dúró dè é. Ẹ̀yáwó ìjọba lè gbé ọmọ kọjá odò. Ẹni tí yóò gbé e dé etí odò ni a kò tí ì rí.

Ohun kejì tí ń dá wọn padà kò gba owó púpọ̀, orúkọ ni. Ọmọ tí ó jẹ́ Sikiru nínú ìwé ẹ̀rí ìbí, tí ó di Sikirullahi nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN sì mọ̀ sí Sikiru Adéwálé, ọmọ mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ. Inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Báńkì náà yóò béèrè rẹ̀, NELFUND yóò béèrè rẹ̀. Kí a tún un ṣe nígbà tí ọmọ bá wà ní SS1, nígbà tí ààyè ṣì wà. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí a fi forúkọ ọmọ kan sílẹ̀ ní JAMB kò ṣeé lò fún ọmọ kejì. Nítorí náà kí bàbá má ṣe fi tirẹ̀ ṣe ti gbogbo ilé.

Ti ìdánwò fúnra rẹ̀, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan, ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù sì gbọ́dọ̀ bá iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. SS1 ni a ti ń yàn wọ́n, kì í ṣe iwájú ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, èyí sì ń dáyà já ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé, tí wọ́n rò pé dandan ni kí àwọn mọ gbogbo ẹ̀rọ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ti tó: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí ó bá tún fẹ́ padà sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù méjì nínú gbọ̀ngàn yìí yóò pa ìbẹ̀rù náà láàárín oṣù kan. Ẹ̀yin ará Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù ń gbọ́ wa?

Kí òbí má sì ṣe rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ yunifásítì. Ní 2025, máàkì 150 nínú 400 ni ó kéré jù tí yunifásítì lè gbà, ọ̀pọ̀ wọn sì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. 100 ni ti pólì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni. Ọmọ tí ó bá lo ọdún mẹ́ta gba NCE, tàbí ọdún méjì gba ND ní Pólì Ìbàdàn, tí èsì rẹ̀ sì dára, lè bá ọ̀nà Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni ni àwa fúnra wa gbà. Àwọn tí ń fi wá ṣẹ̀rín nígbà náà ń mú ọmọ wọn wá bá wa lónìí.

Ní ti owó, a ní ìmọ̀ràn fún ilé, a sì ní òmíràn fún ẹgbẹ́. Lọ́dún tí ọmọ bá wọ SS1, kí bàbá tàbí ìyá ya ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀gẹ́, kí ó má sì pè é ní oko ilé mọ́. Ẹ̀gẹ́ ń tó wà láàárín ọdún kan; kò dúró de oṣù kẹwàá bíi kòkó. A lè fi ṣe gàrí, kí a sì fi owó rẹ̀ sí àjọ tí a ó kó ní àárín òjò ọdún tí ọmọ bá jáde.

Ti ẹgbẹ́ ni èyí. Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn ará Ibibio dá owó jọ, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun láti kàwé. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. À ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹgbẹ́ ní àpò kan tí a ó fi máa san owó ìgbàwọlé ọmọ Ẹgbẹ́dá tí ó bá rí àyè. Kí a san án fún ilé ẹ̀kọ́, kí a má kó o lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí òbí dá a padà láìsí èlé kí oṣù kìíní tó parí, nígbà tí kòkó bá ti tà, kí a lè fi ṣe fún ẹlòmíràn. Kí a má béèrè mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ọmọ ń lọ. Kí obìnrin méjì ó kéré tán wà nínú àwọn tí yóò máa bójú tó o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó kò sí, a bẹ̀ ẹ́ kí ó wo aṣọ ẹgbẹ́ tí gbogbo wa wọ̀ síhìn-ín lónìí, kí ó sì ṣírò rẹ̀.

Akọ̀wé ti gbé ìwé kan sórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kí òbí tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ SS3 kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀ kí ó tó jáde, bí ó ti wà nínú NIN gan-an, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ó fẹ́ fi ṣe JAMB. Àwa olùkọ́ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun kọ ọ́.