Kọ̀ǹpútà All-in-One àti Ooru Port Harcourt

 

Lára ohun tí a ń kówó jọ fún lónìí ni kọ̀ǹpútà tí a ó máa kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó oṣù àti owó ìsìnkú sí. Àwọn kan ní kí a ra èyí tí à ń pè ní all-in-one, nítorí pé ó lẹ́wà, wáyà rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gba àyè lórí tábìlì. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni, ẹ jẹ́ kí a yẹ inú rẹ̀ wò kí a tó sanwó.

Ẹ̀yìn gíláàsì tí à ń wò ni wọ́n kó ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ibi ìkọ́rọ̀pamọ́ rẹ̀ àti gbogbo ìyókù sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́wàá bá sùn sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kéré, ooru ni yóò lé wọn síta. Bí ooru bá pọ̀ jù, ọpọlọ ẹ̀rọ náà á dín iṣẹ́ kù kí ó má baà jóná; bí ìyẹn kò bá tó, á pa ara rẹ̀. Àwa á ní ó ń ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ àìrímí ni. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn onímọ̀ ní bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí nǹkan bí ìdajì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1984, Apple ti Amẹ́ríkà gbé Macintosh jáde, gbogbo rẹ̀ nínú àpótí kan, kò sì ní fáànù. Nígbà tí wọ́n ṣe Macintosh SE ní 1987, wọ́n fi fáànù sí i. Ní 2005, ilé iṣẹ́ náà tún gbà láti fi ọ̀fẹ́ ṣe àtúnṣe àwọn iMac G5 kan tí gíláàsì àti iná wọn ń dàrú. Kapásítọ̀ tó wú ló fà á.

Apple fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìwọ̀n 10 sí 35 ni kí afẹ́fẹ́ ibi tí a ń lo iMac wà. Nínú ilé onípáànù níhìn-ín lásìkò ẹ̀rùn, tí iná bá lọ, tí ó wá ku jẹnẹrétọ̀ kékeré, ta ni kò mọ bí inú ilé ṣe ń rí? Ẹ wá fi èéfín dúdú kún un, èyí tí a ti ń nù lórí fèrèsé láti ìparí 2016. Òun àti ọ̀rinrin ìlú yìí ló ń dì mọ́ fáànù.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹgbẹ́ ra èyí tí àpótí rẹ̀ dá dúró, tí gíláàsì rẹ̀ dá dúró. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ọ̀kan náà la ó pààrọ̀. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé ọjà tí àtúnṣe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tuntun, ọjà ọ̀wọ́n ni.

Ẹni tí ó bá sì ti ra all-in-one, kí ó má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kí ó má fi aṣọ bò ó nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́. Kí ó máa gbé e fún oníṣẹ́ lọ́dọọdún láti fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì wo ọ̀rá tó wà lórí ọpọlọ rẹ̀ bóyá ó ti gbẹ.

Lékè gbogbo rẹ̀, kí akọ̀wé máa ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ owó sí orí flash àti sínú ìwé. Ẹ̀rọ lè kú, ṣùgbọ́n orúkọ opó tí ẹgbẹ́ jẹ lówó kò gbọdọ̀ bá a kú.

 Ẹ̀mí wa yóò lo ohun tí a bá rà.