Ilẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lè Tà

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ìpàdé ẹ̀ka Manchester sọ, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó lọ najú ní àgbègbè àwọn adágún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì)

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n sọ ohun díẹ̀ fún yín nípa ibi tí a ó ti lọ najú ní ọjọ́ Sátidé, kí ó má baà jẹ́ pé a ó kàn jẹ ìrẹsì létí omi, kí a sì padà sílé. Èmi kò bá ìrẹsì jà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ó ti ilé dé lóṣù tí ó kọjá, èyí tí a kà tí ẹnu wa kò sì kò lé lórí, ni ó wà lọ́kàn mi bí mo ti ń múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná yín. Nínú omi tí ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní Manchester yìí, apá kan ń wá láti adágún Thirlmere, tí a ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1879 ni ìgbìmọ̀ ìlú Manchester gba òfin láti sé adágún náà. Wọ́n mọ odi sí i lẹ́nu, omi rẹ̀ ga sókè ní nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì bo ilé àti oko mọ́lẹ̀. Ní 1894 omi náà dé Manchester. Ibùsọ̀ 96 ni ó ń rìn, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń tì í. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ni ó ń bá bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wú mi lórí, n kò sì lè bú ẹni tí ó wá omi fún ìlú ńlá, nígbà tí èmi náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fẹ́ràn adágún náà ti kọ̀wé, wọ́n ti ṣe ìpàdé, wọ́n ti bẹ ilé aṣòfin. Asán ni gbogbo rẹ̀ já sí. Lójú tèmi, ohun tí ó ṣẹ́gun wọn ni pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ẹni tí kò ni ilẹ̀, ohùn nìkan ni ó ní.

Nítorí náà ni ohun tí àwọn mẹ́ta kan ṣe ní 1895 fi yé mi dáadáa. Octavia Hill, obìnrin tí ó ti ń tọ́jú ilé àwọn tálákà ní Lọ́ńdọ̀nù, Robert Hunter tí ó jẹ́ amòfin, àti Hardwicke Rawnsley, àlùfáà ìjọ Crosthwaite lẹ́bàá Keswick, dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní National Trust sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti ní ilẹ̀ lọ́wọ́, kí ó sì pa á mọ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ìdánwò dé bá wọn lẹ́bàá adágún Derwentwater. Igbó Brandelhow, éékà 108, ni wọ́n fẹ́ tà, bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé sí i bá sì rà á, mẹ̀kúnnù kò ní fẹsẹ̀ tẹ etí omi náà mọ́. £6,500 ni wọ́n ń bèèrè. Ẹgbẹ́ náà kéde fún gbogbo ènìyàn, láàárín oṣù 5 owó náà sì pé. Olówó dá tirẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà dá: wọ́n ní òṣìṣẹ́ kan ní Sheffield fi ṣílè méjì ránṣẹ́, nítorí agbára rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní October 1902, ọmọbìnrin Ọbabìnrin Victoria, Louise, wá ṣí ibẹ̀. Mo ti rìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ènìyàn láti Keswick. Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ sí èbúté onípákó, abẹ́ igi ni ẹ ó máa rìn, omi yóò wà ní ọwọ́ kan, òkè ní ọwọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi yín pé ta ni ó ní kí ẹ wọlé. Ìyẹn ni ó mú mi dúró. Èmi, àlejò láti Áfíríkà, ń rìn lórí ilẹ̀ tí ṣílè méjì ẹlòmíràn rà.

Ní 1907 ni òfin wá de ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ náà bá ti kéde pé kò ṣeé tà, àwọn tí yóò jẹ oyè nínú ẹgbẹ́ lọ́la kò lè tà á. Ilé aṣòfin nìkan ni ó lè tú ìdè náà.

Kì í sì í ṣe pé wọ́n lé àgbẹ̀ kúrò. Beatrix Potter, tí ó kọ ìwé Peter Rabbit fún àwọn ọmọdé, fi owó ìwé rẹ̀ ra oko Hill Top ní 1905, ó sì ń rà sí i. Nígbà tí ó kú ní 1943, ó fi oko 14 àti ilẹ̀ tí ó lé ní éékà 4,000 sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ náà, àgùntàn ìbílẹ̀ sì ń jẹ lórí rẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín: mọ́tò àwọn àlejò ń dí ọ̀nà tóóró ibẹ̀, ìdọ̀tí tí ń ṣàn wọ adágún Windermere ti di àríyànjiyàn, àwọn olówó sì ń ra ilé fún ìsinmi títí ọmọ ìbílẹ̀ kò fi rí èyí tí agbára rẹ̀ ká.

Ó kan lẹ́tà ilé wàyí. Ẹ mọ ilẹ̀ ẹ̀bá omi wa, láti ẹ̀yìn ọjà dé ìdí igbó, níbi tí gbogbo wa ti kọ́ ìlùwẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: lákọ̀ọ́kọ́ àwọn oníyanrìn ni, lẹ́yìn náà ọgbà kan, nísinsìnyí ẹnìkan fẹ́ ra gbogbo rẹ̀. Àwọn olórí ẹbí tí wọ́n fẹ́ tà kì í ṣe ọ̀tá wa. Owó ilé-ìwé ń bẹ lọ́rùn wọn, àwa tí a wà níhìn-ín kò sì lè fi ẹ̀bẹ̀ lásán san án. N kò sọ pé kí a ṣe àwòkọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́, nítorí náà ìwé gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo: Susanne Wenger àti àwọn ọmọ ìlú dúró tì í nígbà tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí dáàbò bò ó ní 1965, nígbà tí ó sì di 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ọmọ Yorùbá lè pa ilẹ̀ mọ́.

Ohun tí mo mú wá síwájú yín ni pé kí a san owó àwọn tí yóò wọn ilẹ̀ náà, kí a fún àwọn ẹbí ní owó tí ó tọ́ sí wọn, kí a sì fi í sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ ní orúkọ ìlú, pẹ̀lú ìwé pé ẹgbẹ́ pàápàá kò lè tà á.

Agogo méje òwúrọ̀ ni ọkọ̀ yóò gbéra. Ẹ wọ bàtà tí ó nípọn, ẹ mú aṣọ òjò. Òjò ibẹ̀ kì í kọ lẹ́tà kí ó tó dé. Akápò yóò gbé ìwé ìdáwó wọ ọkọ̀ náà. Orúkọ mi ni ó wà ní ìlà kìíní, ìyókù ojú ìwé sì ṣófo.