Lọ́fíńdà Oud: Ta Ló Bá Mu?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọjà tí mò ń tà. Oud ni n ó mú.

“Igi” ni oud túmọ̀ sí lédè Lárúbáwá. Ara igi Aquilaria ló ti ń wá, ní Íńdíà, Kàǹbódíà àti Indonéṣíà. Bí igi yìí bá gbọgbẹ́, tí ebu bí irú èyí tó ń bo búrẹ́dì wọ ojú egbò náà, á sun oje dúdú láti fi gba ara rẹ̀. Oje yẹn ló ń ta sánsán. Igi tí kò gbọgbẹ́ kì í sábà ní in, ló ṣe wọ́n. Láti 2005, àdéhùn àgbáyé CITES ti ń ṣọ́ òwò gbogbo irú Aquilaria.

Oud ò yẹ ẹni tó ń kánjú. Ó máa ń le lákọ̀ọ́kọ́, bí igi, bí èéfín. Tó bá pẹ́ lára, á rọ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, tó sì máa ń dúró lórí rẹ̀, òun ló bá mu, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ẹ̀kán kan lọ́rùn ọwọ́ ti tó. (Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́ òórùn wọn, ẹ ta nǹkan mìíràn fún wọn o!)

Ọ̀pọ̀ ìgò olówó pọ́ọ́kú, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe oje igi. Ìyẹn ò burú, ẹ ṣáà sọ fún oníbàárà. Owó tí a yá nínú ẹgbẹ́ la fi ń ra ọjà. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ta ló máa padà wá rà á ká lè san án? Ẹni tó bá ní ti gidi lòun fẹ́, ẹ fi kán an lára, kó lọ, kó padà wá sanwó nírọ̀lẹ́.