Ta Ló Ra Ọtí Gatsby?

Ọdún 1925 ni F. Scott Fitzgerald, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé ìtàn àròsọ The Great Gatsby jáde. Ọmọ tálákà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ James Gatz, tó yí orúkọ padà sí Gatsby. Ó fẹ́ràn Daisy, kò sì lówó. Daisy lọ fẹ́ Tom Buchanan, ọmọ olówó. Gatsby wá owó nídìí òwò tí ìjọba fòfin dè, ó ra ilé ńlá sí òdì kejì omi tó kọjú sí ilé Daisy, ó sì ń se àsè nítorí rẹ̀.

Nígbà tí ìwé náà jáde, alámèyítọ́ H. L. Mencken ò fi bẹ́ẹ̀ ka ìtàn inú rẹ̀ sí. Ní 1945, alámèyítọ́ mìíràn, Lionel Trilling, ní Gatsby dúró fún Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Àlàyé yẹn ló gbilẹ̀ jù nílé ìwé. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn níbẹ̀ ni pé bí Gatsby bá ti di odindi orílẹ̀-èdè, a ò ní béèrè mọ́ pé ta ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Akéde Èkó kò kàwé bẹ́ẹ̀. Láti 1929 sí 1930 tí olóòtú rẹ̀, I. B. Thomas, ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde, arẹwà inú ìtàn àròsọ tó jayé l'Ékòó kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, àwọn kan gbà pé ó wà láàyè. Wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ará àdúgbò. Bí mo ṣe fẹ́ kí á ka Gatsby nìyẹn.

Ẹ wo orí keje. Oòrùn ń mú ganrínganrín, Gatsby, Daisy, Tom àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn gba yàrá ní Plaza Hotel ní New York. Níwájú Daisy, Tom tú àṣírí: ó ní Gatsby àti Wolfshiem, alábàáṣòwò rẹ̀, ra ilé oògùn káàkiri, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọtí líle. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló wà lórí tábìlì? Ìgò wísíkì tí Tom fúnra rẹ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì wé láti ilé! Ọdún 1922 nìyẹn, òfin tó de ọtí kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1933. Ẹni tó ń tà á àti ẹni tó ń gbé e ni òfin náà ń wá, kò mú ẹni tó ń mu ún.

A mọ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ìlaròó, Ayétòrò àti Ọjà-Ọ̀dán níhìn-ín. Ní 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 2019 wọ́n ti ibodè pa, ó di oṣù Kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ọmọ tó gbé àpò ìrẹsì sórí ọ̀kadà gba inú igbó ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ń lé; òun là ń pè ní onífàyàwọ́. Ẹni tó fi ìrẹsì náà ṣe ìnáwó l'Ékòó, onílù ń kì í. Mi ò gbe fàyàwọ́ lẹ́yìn, ó ti mú ọmọ lọ mọ́ òbí lọ́wọ́. Àwọn tó ń rà á ni mò ń béèrè.

Ìsìnkú Gatsby dáhùn ìbéèrè náà. Èrò rẹpẹtẹ ló ti jẹ, tó ti mu nílé rẹ̀. Nígbà tó kú, Wolfshiem ní òun ò ní wá. Klipspringer, tó ń sùn nílé rẹ̀, tẹ ilé náà láago: bàtà tẹníìsì tó gbàgbé síbẹ̀ ló ń béèrè. Baba rẹ̀, Henry Gatz, wá láti Minnesota. Ó mú fọ́tò ilé ọmọ rẹ̀ jáde látinú àpò, fọ́tò náà ti sán létí, ọwọ́ ti mú un dọ̀tí. Inú ilé yẹn gan-an ló dúró sí tó ń fi í hàn.

Alámèyítọ́ Judith Fetterley kọ ọ́ ní 1978 pé ìwé náà ń di ẹ̀bi ọkùnrin ru obìnrin. Mo gbà fún un dé ibi kan: kì í ṣe Daisy ló ní kí Gatsby ta ọtí. Ṣùgbọ́n òun ló wa ọkọ̀ Gatsby tó pa Myrtle, àlè Tom, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn ló sì mú kí ọkọ Myrtle yìnbọn pa Gatsby. Daisy kò wá síbi òkú rẹ̀, kò ránṣẹ́, kò fi òdòdó kan ṣọwọ́. Mi ò rí ọ̀nà tí mo fi lè yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn oníbàárà.