Ojú, Etí àti Ọwọ́ Lára Ẹ̀rọ POS



Ẹ fi ìka kan bọ́tìnnì nọ́ńbà márùn-ún lára ẹ̀rọ POS tá a fi ń sanwó. Lórí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí, kókó kékeré kan yọ síbẹ̀. Kókó yẹn ni afọ́jú fi ń mọ ibi tí ọwọ́ òun wà. Ojú ẹ̀rọ ń fi iye owó hàn, ẹ̀rọ ń dún, bébà ń jáde. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nìyí: ẹ̀rọ tó dáa kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé ojú nìkan.

Àwa èèyàn náà kì í fi ẹnu nìkan sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ gbé ìyẹn wá, ẹ ó nawọ́ sí i. Láìnawọ́, ọmọ ò ní mọ èwo. Lọ́dún 1980, Richard Bolt ní yunifásítì MIT, l'Amẹ́ríkà, fi irú rẹ̀ han aráyé: èèyàn sọ̀rọ̀, ó nawọ́, kọ̀ǹpútà sì gbé àwòrán síbi tí wọ́n ní kó gbé e sí.

Báwo la ṣe ń dán ẹ̀rọ tí kì í gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lé ojú nìkan, bíi POS, wò? Kì í ṣe nínú ọ́fíìsì tútù o! Ẹ gbé e lọ bá ìyá tó ń ta ìrẹsì l'Ọ́fàdà, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ń pariwo, tí oòrùn ń ràn, tí ọwọ́ ìyá tutù. Ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má kọ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá ti dúró, ibẹ̀ niṣẹ́ kù sí. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìyá.

Mo tún un sọ: ojú nìkan kò tó. Ìró lè sọnù sínú ariwo. Bébà á ṣì jáde sí ìyá lọ́wọ́.