Oúnjẹ Màlúù àti ti Ọmọ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní Akínmọ̀ọ́rìn)

Ọ̀rọ̀ koríko ni mo gbé wá. Bí ó bá pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kí ó rántí pé a kì í ṣe ìnáwó ńlá láti Fìdítì dé Ìlọrà láìpa màlúù. A mọ ẹran rẹ̀ í jẹ. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ ni a kò bìkítà láti mọ̀.

Ní ọdún 2019, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ da ẹran káàkiri mọ́. Òfin náà tọ́, nítorí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo tí màlúù ti jẹ run lóko wa kò kéré. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá sé màlúù mọ́ inú wáyà láìgbin koríko, ebi ni ó sé e mọ́. Nígbà tí ebi náà bá sì pọ̀ jù, ẹran yóò já ọgbà, ìjà yóò sì tún padà sí oko wa.

Màlúù tí ó wọn 250 kílò ń fẹ́ bí 25 sí 30 kílò koríko tútù lóòjọ́. Nígbà òjò, èyí kò ṣòro, nítorí koríko Gínì kún ẹ̀bá ọ̀nà wa. Ṣùgbọ́n kíá ni í gbó. Bí ó bá ti yọ òdòdó, igi rẹ̀ a le, ohun tí ń mú ara le nínú rẹ̀ a sì dínkù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ikùn màlúù a kún, síbẹ̀ a máa rù. Ọmọ rẹ̀ ni í kọ́kọ́ jìyà, nítorí láti inú koríko ni wàrà ti ń wá. Abo tí ó bá sì rù kì í tètè gba akọ, bẹ́ẹ̀ ni a fi ń rí ọmọ kan ní ọdún méjì. Àwa a máa sun ìgbẹ́ kí ọ̀mùnú lè yọ. Ọ̀mùnú náà kò tó nǹkan, iná a sì jó ilẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Kí a pín pápá sí ọ̀nà púpọ̀, kí ẹran jẹ ọ̀kan fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó yọ òdòdó, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi bí oṣù kan. Kí a fi akọ sí àárín abo ní oṣù kẹfà sí oṣù keje. Oyún màlúù ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọn yóò bí, wàrà yóò sì pọ̀ nígbà tí koríko dára jù lọ.

Ti ẹ̀ẹ̀rùn ni ó kù. Ewéko kan wà tí a ń pè ní stylo, ìbátan ẹ̀wà, tí a mú wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù. A máa tutù nígbà tí koríko bá ti gbẹ, a sì máa mú ilẹ̀ lọ́ràá. Ní Kàdúná, láàárín 1980 sí 1990, àwọn ará ILCA, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti Áfíríkà, kọ́ àwọn Fúlàní láti ṣọ́ hẹ́kítà 4 rẹ̀ sínú ọgbà, kí àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ nìkan máa wọlé níbẹ̀ fún wákàtí méjì àbọ̀ lóòjọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọgbọ́n tí ó wù mí jù nìyí, nítorí ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú ni ó fi síwájú. Àgúnmániyè tí a fi ń ṣe ọgbà pẹ̀lú, ewé rẹ̀ dára fún ẹran, bí òórùn rẹ̀ bá ti mọ́ wọn lára.

Ẹ̀yin ìjòyè, ọwọ́ yín ni ilẹ̀ wà. Ẹni tí a ń yá nílẹ̀ lọ́dọọdún kò lè gbin ohun tí yóò pẹ́ ọdún mẹ́rin. Bí ẹ bá fún àwọn tí ń sìn ín, ìbá jẹ́ ọmọ wa tàbí Fúlàní tí ó ti bá wa gbé, ní àyè kan pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún, a lè gbin díẹ̀ wò ní òjò tí ń bọ̀. Kí a má gbàgbé láti fi omi gbígbóná rẹ irúgbìn stylo, nítorí èèpo rẹ̀ le.